ÌTẸ́LỌ́RÙN ÀWỌN Ọ̀DỌ́ NÍ ILẸ̀ GBOGBO: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Òbí

Inú dídùn ní í mú orí yá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, kò sì sí ẹni tí ó jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, bí a bá ka iye ìbéèrè tí à ń bi àwọn ọmọ wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ó rí i pé èyí tí ó kan inú dídùn kò pọ̀ nínú wọn. À ń béèrè bí wọ́n bá ti jẹun. À ń béèrè ipò tí wọ́n mú ní kíláàsì, àti orúkọ ọmọ tí ó ṣáájú wọn. À ń béèrè ibi tí wọ́n wà tí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára, nítorí pé òbí tí kò béèrè kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15, tí kì í ṣe ọmọdé mọ́, tí kò sì tí ì di àgbà, mélòó nínú wa ni ó ti bi í léèrè rí pé, "Ǹjẹ́ ayé rẹ tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Àwọn kan ti ń bi àwọn ọ̀dọ́ ní ìbéèrè yìí gan-an ní ilẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì ti kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. A fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ ìdáhùn wọ̀nyí wò, kì í ṣe láti yin ilẹ̀ kan kí a sì bú èkejì, bí kò ṣe pé ẹni tí ó bá wo bí aládùúgbò rẹ̀ ti ń tún ilé rẹ̀ ṣe lè rí ibi tí tirẹ̀ ti ń jò.

ÀKÀSỌ̀ TÍ A FI Ń WỌN AYÉ

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Hadley Cantril, ni ó rí ọ̀nà kan tí ó rọrùn láti fi béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀mọ̀wé tàbí púrúǹtù. Ó ní kí olúwarẹ̀ fi ojú inú wo àkàsọ̀ kan tí ipele rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 ní ìsàlẹ̀ títí dé 10 ní òkè. Ayé tí ó dára jù lọ tí ẹni náà lè rò fún ara rẹ̀ ni ó wà ní 10. Ayé tí ó burú jù lọ tí ó lè bá a ni ó wà ní 0. Lẹ́yìn náà ni a ó wá bi í pé, "Níbo ni o dúró sí lónìí?" Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún ọ̀kan pé owó ni òkè àkàsọ̀ náà, tàbí ọmọ, tàbí àlàáfíà ara. Olúkúlùkù ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkè àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀ kalẹ̀.

Ìwé tí Cantril tẹ̀ jáde ní ọdún 1965 kó ìdáhùn àwọn àgbàlagbà jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, Nàìjíríà wa sì wà lára wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi ara wọn sí 6.6, àwọn ará Nàìjíríà, tí òmìnira wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, fi ara wọn sí 4.8, àwọn ará Íńdíà sí 3.7. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni Orílẹ̀-èdè Olómìnira Dómíníkánì, tí rúkèrúdò gbòde níbẹ̀ lẹ́yìn tí a pa Trujillo, ìkà alákòóso wọn, ní ọdún 1961: 1.6 péré ni tiwọn. Ẹ fi orúkọ ilẹ̀ kékeré yìí sí ọkàn, nítorí a ó tún bá a pàdé.

OHUN TÍ ÀWỌN ỌMỌ ỌDÚN 15 SỌ

Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní OECD, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Paris, ni ó dá ìdánwò PISA sílẹ̀ ní ọdún 2000, láti wọn bí àwọn ọmọ ọdún 15 ti mọ ìwé kíkà, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó. Ní ọdún 2015, nígbà tí àwọn ọmọ tí ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù kan jókòó fún un ní ilẹ̀ tí ó lé ní 70, wọ́n fi ìbéèrè mìíràn kún un ní púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ náà: láti 0 dé 10, báwo ni ayé rẹ ti tẹ́ ọ lọ́rùn tó? Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí ó kópa. Nígbà tí a pa ìdáhùn àwọn ilẹ̀ OECD pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, 7.3 ni ó jẹ́. Nínú àwọn ọmọ 100, 34 ni ó fi ara wọn sí 9 tàbí 10.

Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Àwọn ọmọ Dómíníkánì, ilẹ̀ kan náà tí àwọn àgbà rẹ̀ wà ní 1.6 ní ọjọ́ Cantril, fi ara wọn sí 8.5, wọ́n sì ga ju gbogbo ilẹ̀ tí ó dáhùn lọ. Mẹ́ksíkò wà ní 8.3, Fínlándì ní 7.9, Nẹ́dálándì ní 7.8, Amẹ́ríkà ní 7.4, Brítéènì ní 7.0, Jàpáànì ní 6.8, Kòríà Gúúsù ní 6.4, Tọ́kì sì wà nísàlẹ̀ ní 6.1. Òótọ́ ni pé kì í ṣe àwọn ènìyàn kan náà ni Cantril bi léèrè, ìbéèrè náà kò sì rí bákan náà pátápátá. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Dómíníkánì kọ́ wa pé ìtẹ́lọ́rùn orílẹ̀-èdè kan kì í ṣe àkọsílẹ̀ tí a fi gègé irin kọ.

Ẹnìkan lè yára sọ pé, "Àṣírí rẹ̀ tú: àwọn tí kò mọ̀wé ni inú wọn ń dùn, àwọn tí ó mọ̀wé ni inú wọn ń bàjẹ́." Ẹ jẹ́ kí a fi àmì ìṣirò wọn ní ọdún 2015 kan náà wò ó. Jàpáànì gba 532, Kòríà gba 524, ìtẹ́lọ́rùn wọn sì kéré. Mẹ́ksíkò gba 408, Dómíníkánì gba 328, ìtẹ́lọ́rùn wọn sì pọ̀. Títí dé ibí, ó dà bí ẹni pé alárìíwísí náà jàre. Ṣùgbọ́n Tọ́kì gba 420, ìmọ̀ ìṣirò àti ìtẹ́lọ́rùn sì rẹlẹ̀ níbẹ̀ pọ̀. Nẹ́dálándì gba 512, Fínlándì gba 511, àwọn méjèèjì sì ní ìtẹ́lọ́rùn pẹ̀lú. Nítorí náà kò sí òfin kan tí ó wí pé òbí gbọ́dọ̀ yàn láàárín ìwé ọmọ rẹ̀ àti ayọ̀ ọmọ rẹ̀. Àwọn ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ní méjèèjì. Àwọn kan sì wà tí méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

KÒRÍÀ ÀTI MẸ́KSÍKÒ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ Kòríà fi wà ní ibi tí wọ́n wà, kí ó wo ọjọ́ ìdánwò wọn. Ní oṣù November ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì tí wọ́n ń pè ní Suneung. Ní ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ a máa ṣí pẹ́ kí ọ̀nà lè dá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó bá sì kan apá ìdánwò tí wọ́n ń fi etí gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú gbéra tàbí kí ó balẹ̀, kí ariwo rẹ̀ má baà dí àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ìfẹ́ ni èyí, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ ro bí ẹrù náà ti wúwo tó ní èjìká ọmọ tí ó mọ̀ pé ojú ọ̀run pàápàá dákẹ́ nítorí òun. Ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ọdún púpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n ń pè ní hagwon, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ tòótọ́ bá ti jáde. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìlú Seoul fi ṣe òfin pé kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn hagwon ní agogo mẹ́wàá alẹ́.

Ní ti Mẹ́ksíkò àti àwọn ilẹ̀ tí ó bá a tan, ọ̀mọ̀wé ọrọ̀-ajé Mariano Rojas kọ̀wé ní ọdún 2018 pé ohun tí ó ń gbé ìtẹ́lọ́rùn àwọn ènìyàn ibẹ̀ ró ju bí owó wọn ti mọ lọ ni ìfẹ́ tí ó gbóná láàárín àwọn ará ilé: òbí, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àti ìyá àgbà tí kò jìnnà sí agbo ilé. Èyí kò sọ òṣì di ohun rere. Ó kàn ń wí pé ohun kan wà tí owó kò lè rà, tí agbo ilé sì lè fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́.

"A DÚPẸ́" KÌ Í ṢE ÌWỌ̀N

Síbẹ̀ ó yẹ kí a ṣọ́ra, nítorí pé bí ènìyàn ti ń dáhùn yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní ọdún 1995, Chuansheng Chen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Jàpáànì, Táíwánì, Kánádà àti Amẹ́ríkà wé ara wọn. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ Jàpáànì àti Táíwánì fẹ́ràn láti mú àárín ìwọ̀n, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà sì fẹ́ràn láti mú ìkángun rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò tóbi tó láti yí ìdájọ́ padà nínú ohun tí wọ́n ń wádìí, ṣùgbọ́n ó tó láti kọ́ wa pé kí a má ṣe sọ 6.4 àti 7.4 di ìdíje eré ìje.

Àwa Yorùbá mọ èyí dáadáa nínú ilé wa. Bí a bá bi ọmọ tí a kọ́ dáadáa pé, "Ṣé dáadáa ni?" ìdáhùn rẹ̀ ti wà ní ètè rẹ̀ kí ìbéèrè tó tán: "A dúpẹ́, sà," tàbí "A dúpẹ́, mà." Ìwà ọmọlúàbí ni, a kò sì fẹ́ kí ó parun. Ṣùgbọ́n kí òbí má ṣe fi ìkíni ṣe ìwọ̀n ọkàn. Ọmọ tí ó wí pé "A dúpẹ́" lè wà ní ipele 8, ó sì lè wà ní ipele 2, kí ohùn rẹ̀ má sì yàtọ̀.

Ohun mìíràn tún yàtọ̀: ohun tí ọmọ fi ń wọn ayé rẹ̀. Nansook Park àti Scott Huebner fi àwọn ọ̀dọ́ Kòríà wé ti Amẹ́ríkà nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2005. Ní Kòríà, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti rí fún ọmọ ni ó wúwo jù nínú ìdájọ́ tí ó ṣe nípa gbogbo ayé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ ti ń rí ara rẹ̀ ni ó wúwo jù. Ọmọ kì í bí ìwọ̀n yìí mọ́ ara. Àwọn àgbà ni ó ń gbé e lé e lọ́wọ́, nípa ohun tí wọ́n ń yìn àti ohun tí wọ́n ń bínú sí. Nítorí náà, ọmọ tí a kì í yìn bí kò ṣe ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá dé, a ti kọ́ ọ láìlo ọ̀rọ̀ pé èsì ìdánwò ni òun jẹ́.

OHUN TÍ Ó WÚLÒ NÍBI GBOGBO

Bí ìyàtọ̀ ti pọ̀ tó yìí, àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n rí bákan náà ní ilẹ̀ púpọ̀, ibẹ̀ sì ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí dúró sí pẹ́.

Èkínní ni oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ìwádìí ọdún 2015 bi àwọn òbí ní ilẹ̀ mélòó kan léèrè ohun tí wọ́n ń bá ọmọ wọn ṣe. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ń bá jẹ oúnjẹ pàtàkì ọjọ́ náà pọ̀ ní ojoojúmọ́ tàbí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, tàbí tí òbí kàn ń jókòó bá sọ̀rọ̀, tàbí tí òbí ń bá jíròrò nípa ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n fi ìpín 22 títí dé 39 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn yòókù lọ nínú sísọ pé ayé tẹ́ àwọn lọ́rùn gidigidi. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ń fi owó rà.

Èkejì ni olùkọ́. Nínú àwọn ọmọ 100, 59 ni ó wí pé ẹ̀rù máa ń bà wọ́n pé ìdánwò yóò le. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yìí kò tẹ̀lé iye ìdánwò tí wọ́n ń ṣe tàbí iye wákàtí tí wọ́n fi ń kàwé. Ó ń dínkù níbi tí olùkọ́ ti ń ran ọmọ tí kò yé lọ́wọ́, ó sì ń pọ̀ sí i níbi tí olùkọ́ ti ń jẹ́ kí ọmọ rò pé òun jẹ́ òpè.

Ẹ̀kẹta ni ìfìtínà láàárín àwọn ọmọ fúnra wọn. Nínú 100, 11 ni ó wí pé a máa ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nígbà púpọ̀ lóṣù, 4 sì wí pé a máa ń lù tàbí tì wọ́n. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọ ọ́ nílé, pàápàá bí ó bá rò pé ohun tí àwọn àgbà yóò wí ni pé, "Kí ni ìwọ náà ṣe fún wọn?"

Ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọbìnrin. Àwọn ọmọkùnrin 39 nínú 100 ni ó fi ara wọn sí 9 tàbí 10. Àwọn ọmọbìnrin jẹ́ 29 péré. Kí ìyá tí ó ní ọmọbìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ilé láìkùn, tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, má ṣe fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ara tù ú.

Ilẹ̀ Nẹ́dálándì dà bí ẹni pé ó ti kó púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí jọ. Nígbà tí UNICEF fi ìgbádùn àwọn ọmọ ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ wé ara wọn ní ọdún 2007, òun ni ó ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ilẹ̀ 21, Brítéènì sì ṣe ìkẹyìn. Ó tún ṣe ipò kìn-ín-ní ní 2013, ní 2020 àti ní 2025. Ọ̀pọ̀ òbí níbẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, nítorí pé kò sí ilẹ̀ OECD mìíràn tí iṣẹ́ aláàbọ̀ àkókò ti wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fúnra wọn, ìdílé a sì máa pé jọ síbi oúnjẹ alẹ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ń ti ọjà bọ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kò lè wà nílé ní agogo mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó lè yan oúnjẹ kan, ìbáà ṣe ti òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí kò sí ẹni tí yóò dá jẹ.

ÀKÀSỌ̀ NÁÀ Ń YẸ̀

Bí ẹnìkan bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kánjú, kí ó gbọ́ èyí. Ní àwọn ilẹ̀ OECD, àwọn ọmọ ọdún 15 tí ayé kò tẹ́ lọ́rùn, tí wọ́n fi ara wọn sí 4 tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 11 nínú 100 ní ọdún 2015. Ní 2018 wọ́n di 16. Ní 2022 wọ́n di 18. Àrùn Kòrónà kò lè ru gbogbo ẹ̀bi náà, nítorí pé púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ náà ti ṣẹlẹ̀ kí àrùn náà tó dé ní 2020. Brítéènì, tí ọ̀pọ̀ ẹbí wa ti ń tọ́ ọmọ, bọ́ láti 7.0 ní 2015 sí 6.2 ní 2018. Àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn nípa ìdí rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí a rí ní 2015 ni pé àwọn ọmọ tí ń lò ju wákàtí 6 lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòjọ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ni ó sábà máa ń wí pé àwọn dá nìkan wà. Bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ni ó sọ wọ́n di adánìkanwà, tàbí nítorí pé wọ́n dá wà ni wọ́n ṣe sá lọ bá a, òbí tí ó bá rí ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ni ó yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN WA

Àwọn àgbà wí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ iṣẹ́ ọwọ́ òsì dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a lo ọ̀tún pẹ̀lú.

Ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè àkàsọ̀ náà. Ẹ má ṣe bi í níwájú àlejò, ẹ má sì pè é wá jókòó bí ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́. Ẹ bi í nígbà tí ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀fọ́, tàbí tí ẹ jọ ń bọ ẹ̀gúsí, tàbí tí ẹ jọ ń rìn bọ̀ láti òde, nígbà tí ọwọ́ dí tí ojú kò sì ko ojú. Lẹ́yìn tí ó bá ti dárúkọ ipele tirẹ̀, ẹ tún bi í pé, "Kí ni ó lè gbé ọ gòkè ní ipele kan?" Ẹ dákẹ́, kí ẹ sì gbọ́. Bí ó bá dárúkọ olùkọ́ kan, ẹ lọ rí olùkọ́ náà. Bí ó bá dárúkọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń sọ sí i, ẹ má ṣe bínú. Ọmọ tí ó bá jìyà òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí kì í sùn, tí kì í jẹun, tàbí tí ó ń wí pé ayé sú òun, ẹ má ṣe pè é ní ìmẹ́lẹ́ tàbí ìwà òmùgọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní kíákíá bí ẹ ti máa ṣe bí ibà bá mú un.

Àwọn orílẹ̀-èdè ni ó ń ka 7.3 àti 6.4. Àwa òbí kò ní ìpíndọ́gba láti tọ́. Ọmọ kan, tàbí méjì, tàbí márùn-ún, tí a mọ orúkọ wọn, ni a ní. Ipele tí olúkúlùkù wọn dúró sí lálẹ́ òní, kò sí ìwé kankan tí yóò sọ ọ́ fún wa. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni a ó ti gbọ́ ọ, bí a bá béèrè.